Títún Aago Àtijọ́ Ṣe: Iṣẹ́ Ìgbafẹ́ fún Ẹni Tí Ó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ọ̀rọ̀ owó ni a máa ń kọ sí ojú ìwé wa lọ́pọ̀ ìgbà: owó ìfipamọ́, owó àyálò, èlé àti èrè tí a ń pín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ ìjọba, tàbí tí ó ti kọ́ ọmọ nílé ìwé, tàbí tí ó ti jókòó ní ìsọ̀ lọ́jà títí agbára fi dín kù, mọ̀ pé bí iṣẹ́ bá parí, kì í ṣe owó nìkan ni ó máa ń wọ́n ènìyàn. Ohun tí ọwọ́ yóò máa ṣe náà máa ń wọ́n. Ọjọ́ a wá gùn, ara a máa ro ènìyàn láìṣe pé ó ṣiṣẹ́. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ ṣe àlàyé lórí iṣẹ́ ìgbafẹ́ kan tí ó bá àgbà mu: títún aago àtijọ́ ṣe, èyíinì ni aago ọwọ́ àti aago àpò tí kì í lo bátìrì.

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, bí ènìyàn bá ṣí àpótí, yóò bá aago kan níbẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó lè jẹ́ èyí tí bàbá fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú. Ó lè jẹ́ èyí tí ibi iṣẹ́ fi ta ìyá lọ́rẹ ní ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Àwọn kan a fún ọmọdé kí ó máa fi ṣeré, àwọn mìíràn a tà á ní owó tí kò tó nǹkan. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn aago wọ̀nyí kò tí ì kú. Ìdọ̀tí ni ó dí wọn, òróró inú wọn ni ó sì gbẹ. Ẹni tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún lè kọ́ bí a ti ń tú wọn, bí a ti ń fọ̀ wọ́n, àti bí a ti ń tò wọ́n padà.

Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kan wà tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin kí a tó lọ síwájú: aago bàbá yín ni kí ó kẹ́yìn nínú gbogbo aago tí ẹ óò tú. Ìdí rẹ̀ yóò hàn bí a bá ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Bí aago àtijọ́ ṣe di ohun àpatì

Títí di nǹkan bí ọdún 1970, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo aago ọwọ́ tí ó wà láyé ni ó ń fi agbára sípíríǹgì ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 1969, ilé iṣẹ́ Seiko ní ilẹ̀ Japan gbé aago kan tí wọ́n pè ní Astron jáde fún títà ní ìlú Tokyo. Owó rẹ̀ jẹ́ 450,000 yẹ́ẹ̀nì, èyí tí ó tó ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré nígbà náà. Bátìrì ni ó wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ègé òkúta kan tí wọ́n ń pè ní quartz. Bí iná bátìrì bá kàn án, òkúta yìí a máa gbọ̀n ní ìwọ̀n kan náà láìyẹ̀. Èyí tí ó wà nínú aago bátìrì tí ó wọ́pọ̀ lónìí ń gbọ̀n ní 32,768 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí sípíríǹgì tí ó lè bá a du ipò lórí ọ̀rọ̀ àìyẹ̀.

Kò pẹ́ tí owó irú aago bẹ́ẹ̀ fi wálẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ mẹ̀kúnnù tó o. Ilẹ̀ Switzerland tí ó ti jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ aago ni ìyà náà jẹ jù. Ní ọdún 1970, nǹkan bí 90,000 ènìyàn ni ó ń jẹun nínú iṣẹ́ aago níbẹ̀. Nígbà tí ó máa fi di àárín àwọn ọdún 1980, wọn kò ju 30,000 lọ púpọ̀ mọ́. Ní ọdún 1983 ni wọ́n gbé aago oníke kan jáde tí wọ́n pè ní Swatch. Ẹyọ 51 péré ni ohun tí ó para pọ̀ di aago náà, òun sì wà lára ohun tí ó gbé iṣẹ́ wọn dìde padà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún kàn wá níhìn-ín pẹ̀lú. Aago bátìrì tí kò wọ́n kì í ṣe ohun tí a ń tún ṣe. Bí ó bá bàjẹ́, a ó ra òmíràn ni. Nígbà tí tẹlifóònù alágbèéká GSM sì dé Nàìjíríà ní ọdún 2001, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tilẹ̀ so aago mọ́wọ́ mọ́. Àwọn àgbà atún-aago-ṣe tí ẹ mọ̀, tí wọ́n máa ń jókòó ti àpótí onígíláàsì wọn lẹ́bàá títì pẹ̀lú awò lójú kan, bátìrì àti okùn aago ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pààrọ̀ jù lọ báyìí. Ọmọ iṣẹ́ kò pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Bí irú àwọn wọ̀nyí bá ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìmọ̀ wọn ń bá wọn lọ. Èyí jẹ́ ìdí kan tí ó fi yẹ kí àwa tí a ní àkókò fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà.

Ohun tí ó wà nínú aago

Ẹ má jẹ́ kí kékeré aago dẹ́rù bà yín. Ìlànà rẹ̀ kò le rárá, pàápàá fún ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Bí a bá yí orí aago, sípíríǹgì gígùn kan ni à ń ká jọ sínú agolo pẹlẹbẹ. Ìyẹn ni owó ìfipamọ́. Bí ó bá kún, ó lè gbé aago náà fún nǹkan bí wákàtí 36 sí 40. Agbára náà ń gba ara àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín mẹ́rin tàbí márùn-ún kọjá. Àwọn ni wọ́n ń gbé ọwọ́ wákàtí, ọwọ́ ìṣẹ́jú àti ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá.

Bí kò bá sí ẹni tí yóò dá agbára yìí dúró, gbogbo rẹ̀ ni yóò tú dànù lẹ́ẹ̀kan náà, bí owó ẹgbẹ́ tí kò ní akápò. Nítorí náà ni a ṣe fi irin kékeré ẹlẹ́ka méjì sí ẹnu ọ̀nà. Yóò jẹ́ kí eyín kẹ̀kẹ́ kan kọjá, yóò sì dá èyí tí ó tẹ̀lé e dúró. Ẹni tí ó sì ń sọ fún irin yìí ìgbà tí yóò ṣí àti ìgbà tí yóò tì ni kẹ̀kẹ́ róbótó kan tí ń mì lọ tí ń mì bọ̀. Sípíríǹgì tín-ín-rín bí irun orí ni ó ń dá kẹ̀kẹ́ yìí padà sáàárín. Ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Netherlands kan, Christiaan Huygens, ni ó gbé aago onísípíríǹgì irun yìí jáde ní ọdún 1675. Ní nǹkan bí ọdún 1755 ni Thomas Mudge, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sì dá irú irin ẹlẹ́ka méjì náà sílẹ̀. Ìlànà àwọn méjèèjì ni ó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ aago onísípíríǹgì títí di òní.

Ọ̀pọ̀ aago àtijọ́ ń ró ní 18,000 ìgbà láàárín wákàtí kan. Ìgbà 5 ni ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 432,000 lójúmọ́, àti ju 157,000,000 lọ láàárín ọdún kan. Kí ẹ wò ó, ẹ̀rọ wo ni ó tún ń ṣe irú làálàá bẹ́ẹ̀ láìsinmi nínú ilé wa? Nítorí kí irin má baà jẹ irin, wọ́n a máa fi òkúta rúbì kékeré há ojú ihò tí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ ń yí nínú rẹ̀. Láti ọdún 1902 tí Auguste Verneuil ti fi ọ̀nà tí a fi ń ṣe rúbì nílé iṣẹ́ han gbangba, òkúta wọ̀nyí kò wọ́n mọ́. Bí ẹ bá rí i tí a kọ 17 JEWELS sí ojú aago, iye òkúta tí ó wà nínú rẹ̀ ni à ń sọ. Kò túmọ̀ sí pé olówó iyebíye ni.

Ohun tí ń pa aago

Èkínní ni òróró tí ó gbẹ. Òróró inú aago kò tó ẹ̀kán omi kan, ó sì máa ń gbẹ tàbí kí ó ki bí gọ́ọ̀mù láàárín ọdún mélòó kan. Nítorí èyí ni àwọn oníṣẹ́ ṣe máa ń gbà wá níyànjú pé kí á fọ aago ní nǹkan bí ọdún márùn-ún márùn-ún. Èkejì ni eruku, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́. Ẹ̀kẹta ni omi àti òógùn, tí ń mú irin dípẹtà. Ẹ̀kẹrin ni agbára mágínẹ́ẹ̀tì: bí aago bá pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn tàbí àpò tí ń fi mágínẹ́ẹ̀tì pa ẹnu dé, sípíríǹgì irun rẹ̀ lè lẹ̀ mọ́ra, aago náà a sì máa sáré ju bí ó ti yẹ lọ.

Ẹ̀karùn-ún ni ọwọ́ ẹni tí kò mọ iṣẹ́. Àwọn kan a máa da òróró ẹ̀rọ ìránṣọ sínú aago, àwọn mìíràn a fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ láìtú u. Aago náà lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n òróró náà yóò tàn dé ibi tí kò yẹ, yóò kó eruku jọ, eruku náà yóò sì máa họ ọ̀pá àwọn kẹ̀kẹ́ bí ìyanrìn.

Ṣé kò tí ì pẹ́ jù fún àgbà?

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ ẹnì kan wá. Ní ọdún 1714, ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé ẹni tí ó bá lè fi ọ̀nà hàn bí ọkọ̀ ojú omi yóò ṣe mọ ibi tí ó wà lórí òkun láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn yóò gba ẹ̀bùn 20,000 pọ́n-ún. Káfíńtà kan, John Harrison, tí a bí ní ọdún 1693, pinnu pé aago tí kì í yẹ̀ ni oògùn rẹ̀. Ó ti ń ṣe aago ńlá láti ìgbà èwe rẹ̀, ó sì lo ọdún 19 lórí ẹ̀kẹta nínú àwọn aago òkun rẹ̀ láìtẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn. Nígbà tí ó di ẹni nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ni ó kọjú sí aago kékeré. Ó parí èyí tí a mọ̀ sí H4 ní ọdún 1759, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 66. Ọmọ rẹ̀ gbé aago náà lọ sí Jàmáíkà ní ọdún 1761, lẹ́yìn ọjọ́ 81 lórí òkun, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni ó fi yẹ̀. Harrison ti di ẹni ọgọ́rin ọdún ní 1773 kí Ilé Ìgbìmọ̀ tó san èyí tí ó kù fún un. Aago náà ṣì wà ní Greenwich títí di òní.

A kò sọ pé Harrison ni gbogbo wa yóò dà. Ohun tí a ń sọ ni pé ohun tí iṣẹ́ yìí ń béèrè kì í ṣe agbára. Ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Ọmọdé a máa kánjú. Àgbà ti mọ̀ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ní ti ojú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí ó kọjá àádọ́ta ọdún tí ojú rẹ̀ kò ṣe bàìbàì sí ohun tí ó súnmọ́ ọn. Awò tí a ń gbé lé ojú kan, tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ní ìlọ́po mẹ́ta sí márùn-ún, tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ náà. Bí ojú bá ń dùn yín, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà. Ní ti ọwọ́ tí ń gbọ̀n, àwọn oníṣẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: tábìlì wọn máa ń ga tó àyà, kí apá méjèèjì lè sinmi lé e, kí ó jẹ́ pé ìka nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ má jókòó ju wákàtí kan lọ láìdìde na ara.

Irinṣẹ́ tí ẹ óò kọ́kọ́ wá

Ohun tí olùbẹ̀rẹ̀ nílò kò pọ̀:

1. Awò ojú kan.
2. Irin tí a fi ń yí síkúrúù, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ẹnu wọn fẹ̀ láti 0.8 sí 1.6 mìlímítà. Ẹnu irin náà gbọ́dọ̀ bá ojú síkúrúù mu rẹ́gí.
3. Ẹ̀mú ẹlẹ́nu ṣóńṣó méjì tí ó dára.
4. Ohun tí a fi ń ṣí ìdí aago, àti ohun tí a fi ń gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dúró.
5. Rọ́bà tí a ń tẹ̀ kí ó fẹ́ eruku kúrò. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ a máa mú irin dípẹtà.
6. Àwo onílé púpọ̀ tí ó ní ìdérí.
7. Òróró aago gan-an, èyí tí ó ṣàn àti èyí tí ó ki, pẹ̀lú irin tín-ín-rín tí a fi ń kán an.
8. Aṣọ funfun lórí tábìlì, àti aṣọ tí a so láti etí tábìlì mọ́ àyà, kí ohun tí ó bá bọ́ má baà dé ilẹ̀.

Tẹlifóònù yín náà jẹ́ irinṣẹ́. Ẹ máa yà á ní fọ́tò kí ẹ tó yọ ohunkóhun, àti lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́. Ètò kan tilẹ̀ wà tí a lè gbé sínú tẹlifóònù, tí yóò gbọ́ bí aago ti ń ró, tí yóò sì sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó fi ń yá tàbí tí ó fi ń pẹ́ lójúmọ́.

Aago tí ẹ óò kọ́kọ́ tú

Ẹ ra ẹ̀rọ aago àpò tí ó tóbi, tí kò wọ́n, tí ẹ kò ní sunkún bí ó bá bàjẹ́. Èyí tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ń lò káàkiri ayé ni irú ti Unitas 6497 ti ilẹ̀ Switzerland, tàbí àwòkọ rẹ̀ tí ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe. Ó fẹ̀ tó 36.6 mìlímítà, ọwọ́ ni a fi ń yí i, gbogbo ohun inú rẹ̀ sì hàn sí ojú. Ẹ má kọ́kọ́ fọwọ́ kan aago obìnrin àtijọ́, nítorí kékeré rẹ̀. Èyí tí ń yí ara rẹ̀ bí a bá ti ń rìn, irú Seiko 5 tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ dáadáa láti ọdún 1963 tí orúkọ náà ti jáde, lè tẹ̀lé e bí ọwọ́ yín bá ti yá díẹ̀.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí ìdí rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ tú agbára sípíríǹgì sílẹ̀. Ẹ di orí aago mú, ẹ fa irin kékeré tí ó dá kẹ̀kẹ́ dúró sẹ́yìn, kí ẹ sì jẹ́ kí orí aago yí padà ní ìka yín díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá gbàgbé ìgbésẹ̀ yìí lè ṣẹ́ eyín kẹ̀kẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ẹ óò yọ àwọn ọwọ́ aago; ẹ fi náílọ́ọ̀nù bo ojú aago kí ó má baà họ. Kẹ̀kẹ́ tí ń mì ni ẹ óò kọ́kọ́ yọ nínú ẹ̀rọ, kí ẹ tó yọ irin ẹlẹ́ka méjì, kí ẹ sì tó kan àwọn kẹ̀kẹ́ yòókù àti agolo sípíríǹgì.

Ẹ ṣọ́ra fún síkúrúù kan: nínú ọ̀pọ̀ aago, èyí tí ó di kẹ̀kẹ́ tí ó kángun sí orí aago mú ń tú sí apá ọ̀tún ni, ó yàtọ̀ sí gbogbo àwọn yòókù. Ìlà mẹ́ta máa ń wà lórí rẹ̀ nígbà mìíràn láti fi kìlọ̀. Bí síkúrúù kan bá kọ̀ láti tú, ẹ má fi agbára mú un. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú apá kejì.

Nígbà tí ẹ bá ń fọ̀ ọ́, ẹ má rẹ irin ẹlẹ́ka méjì tàbí kẹ̀kẹ́ tí ń mì sínú ọtí ìfọǹkan, nítorí gọ́ọ̀mù ni ó lẹ òkúta wọn mọ́ ọn, ọtí a sì máa yọ́ gọ́ọ̀mù náà. Ohun ìfọǹkan wọ̀nyí a máa gbiná. Ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀, kí ẹ má sì ṣe é nítòsí sítóòfù tàbí àbẹ́là. Igi ṣóńṣó bí ìfọyín ni ẹ óò fi yọ ìdọ̀tí inú ihò òkúta.

Nígbà títò, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó dá irin ẹlẹ́ka méjì padà. Ẹ yí orí aago ní ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí gbogbo kẹ̀kẹ́ bá sáré yí láìdúró lójijì, iṣẹ́ yín mọ́. Bí wọ́n bá ń lọ́ra, ìdọ̀tí ṣì kù. Ní ti òróró, kékeré ni ó dára: kò gbọdọ̀ kún ojú òkúta, ẹ má kán an sí ọ̀pá irin ẹlẹ́ka méjì rárá, kò sì gbọdọ̀ kan sípíríǹgì irun.

Ẹ tú u, kí ẹ tò ó, kí ẹ tún tú u. Ní ìgbà kẹwàá, ọwọ́ yóò ti mọ ọ̀nà. Ìgbà náà ni kí ẹ ra aago àtijọ́ tí kò ṣiṣẹ́ lọ́jà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Lẹ́yìn tí mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá ti jí lọ́wọ́ yín, tí wọ́n sì ń rìn déédéé fún oṣù mélòó kan, ẹ lè wá gbé aago bàbá yín sílẹ̀. Ìdí tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ ni pé olùbẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe é kí ó má ba nǹkan jẹ́. Sípíríǹgì irun tí ó bá ká lọ́wọ́ yín nínú aago ọjà, ẹ̀kọ́ ni. Èyí tí ó bá ká nínú aago bàbá, kò sí ọjà tí ẹ ó ti ra bàbá mìíràn.

Ewu tí ó fara pamọ́ sí ojú aago

Ẹ fiyè sí ibi yìí gidigidi. Láti nǹkan bí ọdún 1910 títí di àwọn ọdún 1960, ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun nọ́ńbà àti ọwọ́ ọ̀pọ̀ aago kí ó lè máa tàn lóru ní èròjà kan tí a ń pè ní radium nínú. Ní ìlú Orange, ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ń kun ojú aago láti ọdún 1917 ni a ní kí wọ́n máa fi ètè mú ẹnu búrọ́ọ̀ṣì wọn ṣóńṣó. Radium wọ inú egungun wọn. Eyín wọn ń bọ́, àgbọ̀n wọn ń jẹrà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Márùn-ún nínú wọn pe ẹjọ́, wọ́n sì gba owó ìtánràn ní ọdún 1928.

Radium kì í yára tán. Lẹ́yìn 1,600 ọdún, ìdajì rẹ̀ yóò ṣì kù. Bí ojú aago kò bá tàn mọ́ lónìí, kò túmọ̀ sí pé ewu ti kúrò. Èròjà tí ń gba agbára rẹ̀ tàn ni ó ti gbó. Fún ìdí yìí, bí ẹ bá rí aago àtijọ́ tí ọ̀dà nọ́ńbà rẹ̀ ti di ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tí ó ń ṣí bí ìyẹ̀fun, ẹ má ṣí gíláàsì rẹ̀, ẹ má fá a, ẹ má fẹ́ ẹ, ẹ má sì jẹun nídìí rẹ̀. Ẹ fi í sínú ike tí ó ní ìdérí, ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ gbé e kúrò níbi tí ọmọdé lè dé, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní ohun èlò fún irú rẹ̀. Ẹ má kó púpọ̀ irú rẹ̀ jọ sínú yàrá tí atẹ́gùn kì í wọ̀.

Aago tí ó ní lẹ́tà T ní ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, irú bíi T SWISS T, tritium ni tirẹ̀. Ìyẹn kò lágbára tó radium, ìdajì rẹ̀ a sì máa lọ ní ọdún 12 lé díẹ̀. Síbẹ̀, ẹ má fá òun náà.

Ohun tí kò yẹ ní ṣíṣe

Ẹ má kun ojú aago àtijọ́ ní ọ̀tun, kí ẹ má sì fi ẹ̀rọ dán ara rẹ̀ títí yóò fi dà bí tuntun. Àwọn tí ń kó aago jọ a máa san owó tí ó pọ̀ jù lé èyí tí a kò fọwọ́ kàn. Ju ti owó lọ, àpá tí ó wà lára aago bàbá jẹ́ ti bàbá. Iṣẹ́ àtúnṣe ni kí ó máa rìn bí ó ti ń rìn tẹ́lẹ̀.

Ẹ má fi aago tí ẹ tún ṣe wọ inú omi, ohun yòówù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ìbáà wí. Bí aago yín bá ní ọjọ́ oṣù lójú, ẹ má yí ọjọ́ náà láàárín aago 9 alẹ́ sí aago 3 òru, nítorí àwọn eyín tí ń ti ọjọ́ ti wọnú ara wọn ní àkókò náà, wọ́n sì lè ṣẹ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Aago olórúkọ ńlá tí wọ́n bá ń tà ní owó kékeré, ó ní bí ó ti jẹ́.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ má yá owó ẹgbẹ́ nítorí èyí. Iṣẹ́ ìgbafẹ́ ni. Ẹni tí ó bá ń retí pé aago mẹ́wàá tí òun rà yóò di èrè lọ́dún yìí yóò kánjú, ẹni tí ó bá sì kánjú yóò ba aago jẹ́. Bí èrè díẹ̀ bá wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan, a dúpẹ́.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Irinṣẹ́ tí ó lè wúwo fún ẹnì kan, ọmọ ẹgbẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ẹ̀ka kan lè dá owó rà á pọ̀, kí wọ́n máa lò ó ní ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rọ kan tí ń yọ agbára mágínẹ́ẹ̀tì kúrò lára aago tó fún ogún ènìyàn. Bí àgbà atún-aago-ṣe kan bá wà ládùúgbò yín, ẹ lọ bá a pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì san owó ẹ̀kọ́ fún un bí ó ti tọ́. Ohun tí ó wà ní ìka rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Bí ẹ bá rí ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ wò, ẹ fún un ní àga.

Àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun lè ní kí wọ́n bá wọn béèrè ìwé ẹ̀kọ́ àti irinṣẹ́. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ aago tí a ń pè ní British Horological Institute ti wà láti ọdún 1858, wọ́n sì ń kọ́ ènìyàn láti òkèèrè. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tí ń kó aago jọ, National Association of Watch and Clock Collectors, ti wà láti ọdún 1943.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ lọ wo inú àpótí yín. Bí aago kan bá wà níbẹ̀, ẹ má tà á, ẹ má sì fi í fún ọmọdé. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ó gbẹ wé e, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ín àti ọdún tí ó rà á, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, sí bébà kan kí ẹ fi tì í. Kí ẹ sì wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aago ọjà. Tàbàbá yóò dúró dè yín.